Ẹ Wo Ojú Ẹran Kí Ẹ Tó Fún Un Lóògùn Aràn

Ẹni tó bá dé ọjà Akodessewa, lápá ìlà-oòrùn ìlú Lomé, orí ẹran gbígbẹ ni yóò kọ́kọ́ rí lórí tábìlì nínú oòrùn: orí ajá, orí ọ̀bọ, orí ọ̀nì, awọ ejò, òkú ẹyẹ tó ti gan. Láti Benin, Ghana àti Nàìjíríà ni àwọn ènìyàn ti ń wá ra ohun tí wọn yóò fi ṣe oògùn níbẹ̀, àwọn òyìnbó sì ti gbé fọ́tò ọjà náà kiri gbogbo ayé. Ṣùgbọ́n ẹran tó ń mí pọ̀ ní àdúgbò yìí àti ní Bè tó múlé tì í: ewúrẹ́ kúkúrú tó ń jẹ èèpo gbágùúdá lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, àgùntàn tí wọ́n so mọ́ èèkàn létí ọ̀sà, ẹlẹ́dẹ̀ nínú ọgbà, adìyẹ tó ń tanlẹ̀ lẹ́yìnkùlé. Ọ̀rọ̀ àwọn ẹran alààyè wọ̀nyí la gbé wá lónìí, nítorí aràn wà nínú ikùn wọn, ó sì ń jẹ olówó ẹran lówó láìpariwo.

Àrùn tó bá ń pa ẹran lójijì máa ń mú kí gbogbo ènìyàn ta gìrì. Bí àjàkálẹ̀ bá wọ agbo, tí ewúrẹ́ mẹ́wàá kú láàárín ọ̀sẹ̀ kan, olóko á figbe ta, dókítà ẹran á dé, ìjọba á gbé abẹ́rẹ́ àjẹsára wá. Aràn kì í ṣọṣẹ́ báyẹn. Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà. Ewúrẹ́ tó yẹ kó bí ìbejì á bí ẹyọ kan. Ọmọ tó yẹ kó ti tó tà kò ní tó tà. Wàrà ìyá á gbẹ, irun á hù jákujàku, ẹran á máa jẹun kò ní máa sanra. Nígbà tó bá wá kú lẹ́yìn òjò, wọ́n á ní bóyá ó jẹ ewé burúkú ni, tàbí pé ayé ló ṣe é.

Ohun tí ìwé ìròyìn yìí dúró lé lórí nìyí: àṣà fífún ẹran lóògùn aràn láìwo ẹran, láìwọn ẹran, ti ń ba oògùn jẹ́, kò sì gba ẹran là. Ó ti tó àkókò kí ìjọba Togo, Benin àti Nàìjíríà gbé àyẹ̀wò aràn dé ibi tí ọwọ́ ẹni tó ní ewúrẹ́ mẹ́rin péré yóò ti tó o.

Nínú gbogbo aràn tó ń yọ ewúrẹ́ àti àgùntàn lẹ́nu ní ilẹ̀ olójò wa, Haemonchus contortus ló burú jù. Ikùn kẹrin ló ń gbé, níbi tí oúnjẹ ti ń kọjá lọ sínú ìfun. Ó tín-ín-rín bí òwú ìránṣọ, kò sì gùn ju sẹ̀ǹtímítà méjì sí mẹ́ta lọ. Bí alápatà bá la ikùn ẹran tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kú, ojú lásán tó láti rí abo rẹ̀: ìfun rẹ̀ tó kún fún ẹ̀jẹ̀ lọ́ mọ́ ilé-ọmọ rẹ̀ tó funfun, pupa àti funfun á máa tẹ̀lé ara wọn láti orí dé ìrù.

Ẹ̀jẹ̀ ni oúnjẹ rẹ̀. Aràn kan ń gba nǹkan bí ìdá kan nínú ogún mìlílítà lára ẹran lójúmọ́. Bí 1,000 bá wà nínú ewúrẹ́ kan, mìlílítà 50 ló ń lọ lójoojúmọ́, ìdajì lítà ló sì jẹ́ lọ́jọ́ mẹ́wàá. Gbogbo ẹ̀jẹ̀ tó wà lára ewúrẹ́ kúkúrú tó wọn kìlógíráàmù 20 kò sì tó lítà kan ààbọ̀. Bí ara ṣe ń pèsè ẹ̀jẹ̀ tuntun ni aràn ń fà á. Ìdí rèé tí ìpéǹpéjú ẹran náà fi ń funfun, tí omi ń dá sábẹ́ àgbọ̀n rẹ̀, tó ń wọ́ ẹsẹ̀ lẹ́yìn agbo títí yóò fi dùbúlẹ̀ tí kò ní lè dìde. Ọ̀pọ̀ ẹran tí aràn yìí ń pa kì í ya ìgbẹ́ gbuuru rárá, èyí sì ń tan olówó ẹran jẹ, nítorí ìgbẹ́ gbuuru ni òun ń retí kó tó gbà pé aràn ni.

Abo aràn náà lè yé ẹyin 5,000 sí 10,000 lójúmọ́. Ẹyin ń bá ìgbẹ́ jáde, ó ń pa lórí ilẹ̀. Bí ilẹ̀ bá tutù tí ojú ọjọ́ sì móoru, láàárín nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan ọmọ aràn ti tó ẹni tó lè wọ ikùn ẹran. Ó ń gun ara koríko nígbà tí ìrì ṣì wà, ẹran á jẹ ẹ́ mọ́ koríko, tó bá sì di ọ̀sẹ̀ kẹta, òun náà á bẹ̀rẹ̀ sí í yé. Gúúsù Togo ń rí òjò lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, èyí tó gùn láti nǹkan bí oṣù kẹta dé oṣù keje, àti èyí tó kúrú lẹ́yìn oṣù kẹjọ. Àsìkò méjèèjì ni aràn ń gbilẹ̀. Létí ọ̀sà, níbi tí ilẹ̀ kì í gbẹ tán, tí wọ́n ń so ẹran mọ́ ojú kan náà láti òní dé ọ̀la, ẹran ń jẹ ohun tó jáde lára rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá.

Aràn yìí nìkan kọ́ ló wà. Trichostrongylus ń gbé inú ìfun tẹ́ẹ́rẹ́, ó ń bó o nínú, oúnjẹ kì í sì ṣe ẹran láǹfààní mọ́. Oesophagostomum columbianum ń so kókó sí ara ìfun àgùntàn àti ewúrẹ́, àwọn alápatà mọ̀ ọ́n dáadáa, nítorí ìfun bẹ́ẹ̀ kò ṣe é tà. Moniezia, aràn pẹlẹbẹ tó ń já jáde wẹ́wẹ́ nínú ìgbẹ́, ni gbogbo ènìyàn ń rí, òun ni ẹ̀rù rẹ̀ ń bà wọ́n jù, bẹ́ẹ̀ ọṣẹ́ tirẹ̀ kò tó ti àwọn tí ojú kò rí. Ohun mìíràn tún wà tí kì í ṣe aràn rárá: coccidia, kòkòrò tíntìntín tó ń pa ọmọ ewúrẹ́ nínú ilé ẹran tó há tó sì tutù. Oògùn aràn kò ràn án. Ẹni tó bá rí ìgbẹ́ gbuuru lára ọmọ ewúrẹ́, tó sáré fún un ní oògùn aràn, owó rẹ̀ ti lọ, ọmọ ẹran náà sì lè kú.

Ẹ jẹ́ ká wá wo bí a ṣe ń lo oògùn. Albendazole, levamisole àti ivermectin ló wọ́pọ̀ jù lọ lọ́wọ́ wa. Lórí àtẹ ọjà káàkiri Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, èyí tó dára, ayédèrú àti èyí tí ọjọ́ rẹ̀ ti kọjá jọ wà pa pọ̀ nínú oòrùn láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Ẹni tó ń tà á kò ní béèrè bóyá ewúrẹ́ ni tàbí àgùntàn, kò ní béèrè bó ṣe wọ̀n tó, kò ní béèrè bóyá ó lóyún. Olówó ẹran á délé, á pín oògùn ẹran kan fún mẹ́ta kó lè kárí. Àwọn àgbà ní ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́. Ewúrẹ́ tó gba oògùn tí kò tó, aràn tó lágbára díẹ̀ lára rẹ̀ kò ní kú. Àwọn tó ṣẹ́kù yìí ni yóò bímọ, àwọn ọmọ wọn ni yóò kún inú pápá, oògùn náà kò sì ní ràn wọ́n.

Àsọdùn kọ́ ni. Ọdún 1961 ni thiabendazole jáde, ó sì jẹ́ ìyanu nígbà náà. Nígbà tó fi máa di 1964, wọ́n ti rí Haemonchus tí oògùn náà kò ràn mọ́ lára àgùntàn ní Amẹ́ríkà. Láti ìgbà náà wá, kò sí irú oògùn kan nínú àwọn ńláńlá tí aràn kò tíì rí ọgbọ́n dá sí níbì kan lágbàáyé. Ní Gúúsù Áfíríkà àti Australia, àwọn oko kan wà tí oògùn púpọ̀ kò ṣiṣẹ́ mọ́. Àwọn ibi wọ̀nyẹn lówó ju tiwa lọ, wọ́n ní dókítà ẹran jù wá lọ. Bí oògùn mẹ́ta tí a ní bá bàjẹ́ mọ́ wa lọ́wọ́, ta ni yóò ṣe òmíràn fún ẹni tó ń sin ewúrẹ́ mẹ́rin ní Akodessewa?

Ewu mìíràn wà nínú fífún ẹran lóògùn láìmọ̀. Ara ewúrẹ́ ń yára lo oògùn aràn tán ju ara àgùntàn lọ, nítorí náà ìwọ̀n tí wọ́n kọ sára ìgò fún àgùntàn sábà máa ń kéré fún ewúrẹ́. Ẹni tó bá sì tìtorí èyí da levamisole sí ẹran lẹ́nu láìwọn ọ́n lè pa á, torí ìwọ̀n tó ń wo ẹran sàn kò jìnnà sí èyí tó ń ṣe é léṣe. Albendazole lè ba ọmọ inú jẹ́ bí oyún bá ṣì kéré. Oògùn tí a fún ẹran lónìí sì máa ń wà nínú ẹran àti wàrà rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀: bí a bá pa á lọ́la, àwọn ọmọ wa ni yóò jẹ ẹ́.

Kí ni kí a ṣe? Ojú lọ̀rọ̀ wà. Ní Gúúsù Áfíríkà, ní ọdún 1990 sí 1999, dókítà ẹran kan tó ń jẹ́ Faffa Malan pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe káàdì kan tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pè ní FAMACHA. Àwọ̀ márùn-ún ló wà lára rẹ̀, láti pupa dé funfun. A ó fi àtàǹpàkò rọra tẹ ẹyinjú ẹran wọlé, a ó fa ìpéǹpéjú ìsàlẹ̀ wá sílẹ̀, a ó sì fi àwọ̀ inú rẹ̀ wé ti káàdì nínú ìmọ́lẹ̀ oòrùn. Bó bá pupa dáadáa, ẹran náà ní ẹ̀jẹ̀ lára, kò nílò oògùn lónìí. Bó bá ti ń funfun, kó gbà á kíákíá. Ìwọ̀nba ìṣẹ́jú àáyá ni fún ẹran kan, obìnrin tí kò mọ̀wé lè kọ́ ọ láàárín ọjọ́ kan. Haemonchus nìkan ló ń fi hàn dáadáa, ṣùgbọ́n òun náà ni aràn tó ń pa wá lẹ́ran jù.

Ẹran tí a kò fún lóògùn wúlò fún wa. Aràn inú rẹ̀ kò tíì rí oògùn, kò tíì kọ́ bí a ṣe ń ṣẹ́gun rẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá bá àwọn tó ti gbó sí oògùn gùn, ọmọ wọn á ṣì jẹ́ èyí tí oògùn lè pa. Bí a bá fún gbogbo agbo lóògùn lọ́jọ́ kan náà, àwọn tí oògùn kò ràn nìkan la dá sí. Ọ̀pọ̀ olóko gbà pé fífún gbogbo wọn ni ìtọ́jú tó péye, a sì fẹ́ kí wọ́n gbọ́ èyí dáadáa.

Àyẹ̀wò kejì ni kíka ẹyin. Láti 1939 ni Gordon àti Whitlock ti gbé ọ̀nà McMaster jáde ní Sydney, kò sì le. A ó gba ìgbẹ́ tútù láti ìdí ẹran, gíráàmù díẹ̀ péré. A ó fọ́ ọ sínú omi tí iyọ̀ ti pọ̀ nínú rẹ̀ débi pé kò yọ́ mọ́. A ó sẹ́ ẹ, a ó bù ú sínú gíláàsì kékeré onílà, a ó dúró fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Pàǹtí á rì, ẹyin aràn á léfòó, ẹni tó ní maikirosíkóòpù á sì kà wọ́n nínú ìlà náà, á mọ iye tó wà nínú gíráàmù kan. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́wàá sí mẹ́rìnlá tí ẹran lo oògùn, kí a tún kà á. Bí ẹyin kò bá dín tó ìdá 95 nínú 100, àmì ni pé aràn ti ń borí oògùn náà ní agbègbè yẹn, ó sì yẹ kí gbogbo olóko ibẹ̀ mọ̀. Iyọ̀, asẹ́, gíláàsì àti maikirosíkóòpù: ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn tí wọ́n ti ń yẹ ibà wò ní Lomé ti ní èyí tó wọ́n jù nínú wọn.

Àwọn kan yóò sọ pé ewé àti egbò tó wà ní Akodessewa ti tó. A kò kóyán ìmọ̀ náà kéré. Ní 2005, ọ̀jọ̀gbọ́n Sylvie Hounzangbé-Adoté ti Yunifásítì Abomey-Calavi ní Benin, pẹ̀lú Hervé Hoste ará Faransé àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn, tẹ ìwádìí jáde lórí igi mẹ́rin: akòko, orín àtà, òrúwo àti ìbẹ́pẹ. Wọ́n dán oje wọn wò lórí Haemonchus àti Trichostrongylus nínú ilé àyẹ̀wò, wọ́n sì rí i pé wọ́n ń dá ẹyin dúró láti pa, wọ́n ń dí ọmọ aràn lọ́wọ́ àtirìn, bí oje bá ṣe pọ̀ sí ni agbára rẹ̀ ń pọ̀ sí. Akòko tí a fi ń jẹ oyè nílẹ̀ Yorùbá lágbára sí aràn ẹran. Ìyìn ni fún àwọn baba wa.

Ohun tó mú kí ìwádìí yẹn níyì ni pé wọ́n wọ̀n ọ́n. Wọ́n mọ iye oje tó ń ṣiṣẹ́ àti iye tí kò ṣe nǹkan. Oje nínú ìgò kò tíì jẹ́ oje nínú ikùn ẹran, ìwọ̀n tó yẹ ewúrẹ́ kìlógíráàmù 20 sì gbọ́dọ̀ wá láti inú àyẹ̀wò lára ẹran alààyè. Ẹni tó ń ta èèpo igi tí kò mọ ìwọ̀n, àti ẹni tó ń ta albendazole tí kò béèrè ìwọ̀n ẹran, àṣìṣe kan náà ni àwọn méjèèjì ń ṣe. A rọ Yunifásítì Lomé, Abomey-Calavi àti Ìbàdàn kí wọ́n jókòó ti àwọn tó ń ta ewé, kí wọ́n pè wọ́n ní olùkọ́, kí wọ́n sì jọ mú iṣẹ́ náà dé ìparí.

Ọ̀rọ̀ yìí kan ènìyàn pẹ̀lú. Ní Dapaong, ní àríwá Togo, àwọn dókítà mọ kókó kan tó ń yọ sínú ikùn ènìyàn, wọ́n sì fi orúkọ ìlú náà pè é. Oesophagostomum bifurcum, ẹbí aràn tó ń so kókó sí ìfun àgùntàn, ló ń fà á. Ní àríwá Ghana tó bá a pààlà, nígbà tí wọ́n pín albendazole àti ivermectin fún gbogbo ará ìlú nítorí jàbùtẹ̀, aràn náà dín kù gidigidi. Taenia solium tún wà tó ń lọ láti ẹlẹ́dẹ̀ sí ènìyàn. Bí ẹyin rẹ̀ bá wọ inú ẹni, ó lè dé ọpọlọ, kó sì fa wárápá. Ẹlẹ́dẹ̀ tó ń jẹ nínú ìgbẹ́ ènìyàn ni kò jẹ́ kó tán. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tó dára àti ẹlẹ́dẹ̀ tí a so mọ́lẹ̀ wà nínú ìtọ́jú aràn.

Bí ẹnikẹ́ni bá ní iṣẹ́ yìí ti pọ̀ jù fún orílẹ̀-èdè kékeré, kó rántí oṣù kẹjọ ọdún 2022. Ní Lomé gan-an, níbi ìpàdé Àjọ Ìlera Àgbáyé fún Áfíríkà, wọ́n bu ọlá fún Togo pé òun ni orílẹ̀-èdè àkọ́kọ́ lágbàáyé tó mú àrùn mẹ́rin kúrò nínú àwọn àrùn tí ayé ti pa tì: sòbìà ní 2011, jàbùtẹ̀ ní 2017, àrùn oorun ní 2020, àti trachoma tó ń fọ́ni lójú ní 2022. Aràn ló ń fa méjì nínú wọn.

Bí wọ́n ṣe ń pín ivermectin nílé dé ilé ló yẹ kí a kọ́. Wọ́n ń gbé ọ̀pá dání, ènìyàn á dúró tì í, bó bá ṣe ga tó ni iye hóró tí yóò gbà. Ẹni tó ń pín in kò nílò òṣùwọ̀n, kò sì nílò dókítà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Oògùn tí wọ́n pín yẹn gan-an, 1981 ni wọ́n kọ́kọ́ tà á fún ẹran, kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ta ènìyàn lọ́rẹ ní 1987. William Campbell àti Satoshi Ōmura gba ẹ̀bùn Nobel lórí rẹ̀ ní 2015. Tápù tí a ń fi yí àyà ẹran ká láti mọ ìwọ̀n rẹ̀ kò wọ́n ju ọ̀pá yẹn lọ. Ìtọ́jú tí a fi ọ̀pá ṣe fún ènìyàn ni ẹran ń dúró dè.

Nítorí náà, ohun tí a ń béèrè kò ṣòro.

Kí ìjọba Togo fi tábìlì àyẹ̀wò aràn kan sí ọjà ẹran kọ̀ọ̀kan ní ẹkùn Maritime, ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò méjèèjì, pẹ̀lú ẹni tó mọ̀ ọ́n kà àti maikirosíkóòpù kan. Kí wọ́n kọ́ àwọn obìnrin tó ń sin ẹran ní Bè àti Akodessewa ní kíka ìpéǹpéjú, nítorí àwọn ni ewúrẹ́ ń sùn sí ẹ̀yìn ilé wọn.

Láti 2006 ni UEMOA, àjọ ọrọ̀ ajé àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tó ń ná owó CFA, ti ní òfin lórí oògùn ẹran tó lè wọ àwọn orílẹ̀-èdè ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀, Togo àti Benin sì wà nínú wọn. Kí òfin náà dé orí àtẹ ọjà. Nàìjíríà kò sí nínú UEMOA, bẹ́ẹ̀ oògùn àti ẹran ń kọjá ibodè lójoojúmọ́. Kí NAFDAC, àjọ tó ń ṣàkóso oúnjẹ àti oògùn ní Nàìjíríà, àti UEMOA jọ mọ orúkọ àwọn oògùn tó jẹ́ ayédèrú. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2020, àwọn olórí orílẹ̀-èdè kan, lára wọn ti Togo, Senegal àti Uganda, péjọ sí Lomé láti bá òwò oògùn ayédèrú jà. Kí wọ́n ka oògùn ẹran mọ́ ọn.

Ẹ̀yin tí ẹ ń sin ẹran, ẹ má ṣe so ẹran mọ́ ojú kan náà fún oṣù kan gbáko. Ìwádìí tí wọ́n ṣe lórí ewúrẹ́ ní erékùṣù Tonga ní 1994 fi hàn pé nígbà tí ewúrẹ́ ń kúrò ní apá pápá kan lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta ààbọ̀, tí kò sì padà síbẹ̀ fún nǹkan bí oṣù kan, aràn inú rẹ̀ dín kù. Ní ilẹ̀ tó móoru, ọmọ aràn tí kò rí ẹran wọ̀ ń tètè kú. Ẹ jẹ́ kí ìrì gbẹ kí ẹ tó kó ẹran jáde. Ẹ gbé oúnjẹ àti omi kúrò nílẹ̀. Ẹ gbá ilé ẹran, ẹ jẹ́ kó gbẹ. Bí oògùn bá sì pọn dandan, ẹ wọn ẹran, ẹ fún un ní ìwọ̀n rẹ̀ pé, ẹ má ṣe pín in.

A mọ̀ pé ẹni tó ní ewúrẹ́ mẹ́rin kò rówó fún dókítà ẹran. Èyí gan-an ni ìdí tí a fi ń ké sí ìjọba. Ewúrẹ́ mẹ́rin yẹn ni owó ilé-ìwé ọmọ nígbà tí ìwé bá wọlé, òun ni owó oògùn ìyá àgbà, òun ni a ń tà nígbà tí kò sí ohun mìíràn láti tà. Àwọn Yorùbá Anagokomé ní Lomé, àwọn Ifẹ̀ ní Atakpamé, àwọn Ewé, àwọn Fọn, gbogbo wa ló ní ewúrẹ́ mẹ́rin yẹn nínú ìdílé wa. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Kí òjò tó ń bọ̀ tó dé, kí iyọ̀, gíláàsì àti maikirosíkóòpù wà lórí tábìlì nínú ọjà ẹran, kí ẹni tó mọ̀ ọ́n lò sì jókòó tì í.